Ẹni Tí Àwùjọ Bá Ń Yìn Ni Ọmọ Rẹ̀ Yóò Fara Wé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún jubilé ìjọ wa

 

Àwọn tí ó ṣètò ọ̀sẹ̀ yìí ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì, fíìmù àti orin ìgbàlódé ń ṣe sí ìwà àwùjọ wa. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Bí a bá ní kí a tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa lórí ìjókòó. Nítorí náà ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ mú nínú rẹ̀, kí a sì dì í mú ṣinṣin. Ohun náà ni ìyìn. Ta ni a ń yìn? Kí ni ó ṣe tí a fi ń yìn ín? Ẹni tí ń yìn, ǹjẹ́ ó mọ ẹni tí ó ń yìn?

Ìdí tí a fi mú ìyìn ni pé, lójú tiwa, ibẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ti fọwọ́ kan ìwà wa jù. Àwọn òbí a máa ké nípa àwòrán ìhòòhò àti èébú tí ó kún orí fóònù, wọn kò sì jayò pa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó rí ohun búburú, tí ó sì mọ̀ pé búburú ni, ìrètí ṣì wà fún un. Ọmọ tí ó ń gbọ́ ìyìn ohun búburú lójoojúmọ́, títí tí kò fi mọ̀ ọ́n ní búburú mọ́, òun ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa bà wá lẹ́rù.

1. ÌYÌN NI ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ÀKỌ́KỌ́

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, ìyìn ni àwọn baba ńlá wa fi ń kọ́ ọmọ. Ní òwúrọ̀, bí ọmọ bá kúnlẹ̀ tàbí tí ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀ àgbà, oríkì ni ìyá náà yóò fi dá a lóhùn. Nínú oríkì yìí ni ọmọ ti ń gbọ́ pé àgbẹ̀ paraku ni baba ńlá òun, pé akínkanjú ni, pé kì í dalẹ̀ ọ̀rẹ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún ọmọ náà pé kí ó ṣiṣẹ́. A yin òṣìṣẹ́ lójú rẹ̀, òun náà sì fẹ́ dà bí ẹni tí a yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ìwà ṣe ń ti ẹnu àgbà bọ́ sínú ọmọ, láìsí pátákó, láìsí pàṣán.

Ìbáwí pẹ̀lú ní ojúde tirẹ̀. Ẹ̀yin ará Kétu mọ ohun tí a ń wí. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ọ̀pọ̀ ìtàn so orísun rẹ̀ mọ́ Kétu, tí àjọ UNESCO sì kéde ní ọdún 2001, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ohun iyebíye tí ọmọ aráyé jogún láti ẹnu ìran wọn, òru ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde sí ọjà. Yóò yin ẹni tí ìyìn tọ́ sí. Yóò fi orin bu ẹnu àtẹ́ lu olè, òpùrọ́ àti ẹni tí ó jẹ owó ìlú. A kò wá síhìn-ín láti sọ ìsìn tí ó wà lẹ́yìn eré náà di tiwa. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe láwùjọ ni a fẹ́ kí ẹ wò, kí ẹ sì kíyè sí ohun mẹ́ta nínú rẹ̀.

Èkíní, gbogbo ìlú péjọ, orin kan náà ni wọ́n sì ń gbọ́. Baba gbọ́, ọmọ gbọ́. Bí wọ́n bá délé, wọ́n lè jọ sọ ọ́. Èkejì, ìlú mọ ẹni tí orin ń yìn tàbí tí ó ń bá wí. Wọ́n mọ oko rẹ̀, wọ́n mọ àna rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí ó jẹ ní gbèsè. Bí orin bá purọ́ mọ́ ọn, ẹlẹ́rìí kò wọ́n. Ẹ̀kẹta, akọrin náà ọmọ ìlú ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àárín àwọn tí ó kọrin bá wí ni yóò ti ra iyọ̀, àárín wọn ni yóò ti sìnkú òbí rẹ̀. Nítorí náà ó ní láti wọn ọ̀rọ̀ kí ó tó là á lẹ́nu. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyìn tí ó ti ẹnu ẹni tí ó mọ̀ wá jáde ní ìwúwo, nítorí ẹni náà lè jẹ́rìí sí i.

2. LÁTI ORÍ RÉDÍÒ DÉ ORÍ FÓÒNÙ

Rédíò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní ọdún 1953, nígbà tí a ṣì ń pè é ní Dahomey. Tẹlifísọ̀n tẹ̀ lé e ní 1978. Ṣùgbọ́n fún àwa tí a ń sọ Yorùbá, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Ìpóbẹ̀, ní Àjàṣẹ́, ibodè kò di etí wa rí. Ohun tí ó bá dùn létí ará Ìbàdàn àti Èkó, kì í pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Hubert Ogunde gbé fíìmù «Aiye» jáde ní 1979. Moses Olaiya, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Baba Sala, gbé «Orun Mooru» jáde ní 1982. Lẹ́yìn wọn ni kásẹ́ẹ̀tì fídíò gba ọjà; lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, àwo pẹlẹbẹ ni; lẹ́yìn àwo, YouTube ni. Lónìí, ọmọ tí ó wà ní abúlé kan ní ẹ̀gbẹ́ Kétu lè wo fíìmù tí a gbé jáde ní Èkó ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ má jẹ́ kí a ṣe aláìmoore. Fíìmù wọ̀nyí ti ṣe wá lóore. Ọmọ tí ó jẹ́ pé èdè Faransé nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́ fi kọ́ ọ, inú fíìmù ni ó ti ń gbọ́ òwe, inú rẹ̀ ni ó ti ń rí bí a ṣe ń kí ọba àti bí a ṣe ń bẹ àna. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú wọn tí a ní láti fi ojú inú wò. Ní 1992, fíìmù kan tí a ṣe ní èdè Ígbò, «Living in Bondage», sọ ìtàn ọkùnrin tí ó fi ìyàwó rẹ̀ ṣètùtù owó, tí òkú ìyàwó náà kò sì jẹ́ kí ó sinmi. Fíìmù náà tà púpọ̀. Láti ìgbà náà, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò tán nínú fíìmù ilẹ̀ Nàìjíríà, ti Yorùbá pẹ̀lú. Ẹni tí ó ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lè sọ pé ìwàásù lòdì sí owó ẹ̀jẹ̀ ni òun ṣe, nítorí pé ìyà ni ó máa ń kẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ìṣẹ́jú. Fún wákàtí kan àti ààbọ̀, ilé alájà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti aṣọ léèsì ni ojú ọmọ ń jẹ. Ìyà kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn lọ. Ẹnu fíìmù ń báni wí, àwòrán rẹ̀ ń yìn. Ohun tí ọmọ fi ojú rí sì máa ń pẹ́ lára rẹ̀ ju ohun tí ó fi etí gbọ́ lọ.

Orin pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí 2002 sí 2003, àwọn ọmọ Côte d'Ivoire tí ó wà ní Paris dá ijó kan sílẹ̀ tí a ń pè ní «coupé-décalé». Nínú èdè ìgboro Abidjan, «couper» ni kí a rẹ́ ènìyàn jẹ, «décaler» ni kí a fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n ń fọ́n owó lójú agbo, wọ́n ń fi aṣọ olówó iyebíye yangàn. Ijó náà dé Kútọ̀nù, ó dé ibi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ní gbogbo ilẹ̀ wa. Ní 2007, ní ìhà kejì ibodè, Olu Maintain gbé orin «Yahooze» jáde, orúkọ tí ó mú kí gbogbo ènìyàn rántí àwọn «Yahoo boys», àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì lu ènìyàn ní jìbìtì. Orin dídùn ni méjèèjì, a kò sì sọ pé olórin kan ní kí ẹnikẹ́ni jalè. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó máa ti ènìyàn lójú ti di ohun tí a ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jó. Ohun tí a bá sì ti jó pẹ́, kì í rọrùn láti bá ọmọ wí lórí rẹ̀ mọ́.

3. ÌYÌN LẸ́NU ẸNI TÍ KÒ MỌ̀ WÁ

Íntánẹ́ẹ̀tì dé Bẹ̀nẹ̀ ní 1995, ọdún tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé péjọ sí Kútọ̀nù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó ní láti lọ jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ní ilé tí wọ́n ti ń san owó rẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Fóònù alágbèéká ni ó gbé e wọ inú yàrá wa. Facebook bẹ̀rẹ̀ ní 2004, YouTube ní 2005, WhatsApp ní 2009. TikTok sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri àgbáyé ní 2017. Ní oṣù kejì ọdún 2009, Facebook fi àmì àtàǹpàkò kan sí abẹ́ gbogbo ohun tí ènìyàn bá gbé síbẹ̀, pé ẹni tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ kí ó tẹ̀ ẹ́, kí a sì máa ka iye àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́. Ìgbà náà ni ìyìn di ohun tí a ń fi nọ́ńbà kà lójú gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ òbí rò pé ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń yan ohun tí ó ń wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ìpolówó ọjà ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń jẹ. Bí ojú wa bá ṣe pẹ́ tó lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ ni ìpolówó tí wọ́n lè fi hàn wá ṣe ń pọ̀ tó. Nítorí náà wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa ṣọ́ ohun tí ó dá ojú wa dúró, kí ó sì máa gbé irú rẹ̀ wá lé e lórí. Kọ̀ǹpútà náà kò bèèrè bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́, kò bèèrè bóyá ó yẹ ọmọdé. Bí ó bá ti dá wa dúró, ó tó.

Ní 2021, Frances Haugen, obìnrin kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Facebook rí, gbé ìwé inú ilé-iṣẹ́ náà síta, ó sì jẹ́rìí níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà. Nínú àwọn ìwé náà ni ayé ti mọ̀ pé láti 2017, kọ̀ǹpútà Facebook ń ka àwọn àmì tuntun kan, tí àmì ìbínú wà lára wọn, sí ìlọ́po 5 àmì àtàǹpàkò. Ọ̀rọ̀ tí ó bí ènìyàn nínú wá rí ẹsẹ̀ rìn. Ilé-iṣẹ́ náà yí ìṣirò ọ̀hún padà nígbà tí ó yá. Ní 2020 ó sọ ìwọ̀n àmì ìbínú di òdo. Ṣùgbọ́n fún ọdún bíi mélòó kan, ẹ̀rọ tí ń yan ohun tí a ó rí ti wọn ìbínú ju àmì àtàǹpàkò lọ, a kò sì mọ̀.

Irọ́ pẹ̀lú rí ààyè. Ní 2018, àwọn onímọ̀ mẹ́ta láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí ìròyìn bíi 126,000 tí ó rìn lórí Twitter, tí a yí orúkọ rẹ̀ sí X ní 2023, láàárín 2006 sí 2017. Wọ́n rí i pé irọ́ ń sáré ju òótọ́ lọ, ó sì ń dé ibi tí ó jìnnà jù. Wọ́n tún rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó jẹ̀bi jù: ènìyàn ẹlẹ́ran ara, bí èmi àti ìwọ, ni ó ń pín in kiri, nítorí irọ́ máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ju òótọ́ lọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe náà kò tíì yẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí irọ́ ti bàjẹ́ kí òtítọ́ tó dé, ta ni yóò tún un ṣe? Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Nísinsìnyí, ẹ fi èyí wé ohun mẹ́ta tí a kà nípa Ẹ̀fẹ̀. Ìlú kò péjọ mọ́; bí ènìyàn márùn-ún bá wà nínú yàrá kan, ohun márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wò. A kò mọ ẹni tí a ń yìn. Àwòrán rẹ̀ nìkan ni a rí. Ẹni tí ń yìn tàbí tí ń bú, a kò mọ òun náà; ó lè bú ènìyàn lálẹ́ kí ó sì sùn fọnfọn, nítorí kò ní bá a pàdé lọ́jà. Ìyìn ṣì wà, ìbáwí ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ti kúrò láàárín wọn.

4. ẸNÌ KAN TÍ AYÉ YÌN

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé gbọ́ gbé ọ̀rọ̀ wa lẹ́sẹ̀. Ramon Abbas, ọmọ Nàìjíríà tí ó dàgbà ní Èkó, tí ó sì lọ ń gbé ní Dubai, ni ó ń jẹ́ Hushpuppi lórí Instagram. Ó lé ní mílíọ̀nù 2 ènìyàn tí ń tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ olówó ńlá, bàtà, aago ọwọ́ àti ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń fi hàn wọ́n. Nínú gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ń yìn ín, mélòó ni ó bèèrè pé irú iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe?

Ní oṣù kẹfà 2020, àwọn ọlọ́pàá Dubai mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 2021 ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ní oṣù kọkànlá 2022, ilé-ẹjọ́ ní Los Angeles dá ẹ̀wọ̀n ọdún 11 àti oṣù 3 fún un, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ó dá owó tí ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là padà fún àwọn tí a rẹ́ jẹ. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí ń wá owó láti fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Qatar. Ìwé ẹjọ́ sọ pé nínú owó tí a gbà lọ́wọ́ ẹni náà, nǹkan bíi dọ́là 230,000 ni a fi ra aago ọwọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí aago náà. Ojú tí ó bá rí i, aago ni yóò rí. Kò sí ohun tí a kọ sára rẹ̀ pé owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ni. Bí Hushpuppi bá ń gbé ní àdúgbò wa ní àtijọ́, àwọn àgbà ì bá ti pè é jókòó pé: «Ọmọ wa, oko wo ni o dá? Ọjà wo ni o tà?» Lórí Instagram kò sí àgbà, kò sí àdúgbò. Àtàǹpàkò nìkan ni ó wà.

Kí a má sì rò pé ọ̀rọ̀ Èkó àti Dubai nìkan ni. Ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, ìgboro ní orúkọ tí ó fún irú wọn: gáímàn. Òfin orílẹ̀-èdè wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, ka iṣẹ́ wọn sí ọ̀ràn. Ilé-ẹjọ́ CRIET, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2018 kan náà, sì ti rán púpọ̀ nínú wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, ọmọ tí a bí, tí a sọ lórúkọ, tí a rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lè jẹ́ opó kan ní òkè òkun, tí ó rò pé òun ti rí ẹni tí yóò fẹ́ òun. Omijé obìnrin náà kì í hàn nínú fídíò.

Ìjọba lè fi olè sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kì í gba ìyìn lẹ́nu àwùjọ. Ọmọ ogún ọdún tí kò níṣẹ́ ra ọkọ̀. Àdúgbò ń pè é ní ọ̀gá. Ó kọ́ ilé fún ìyá rẹ̀; àwọn ìyá mìíràn ń wo ọmọ tiwọn tìka-tẹ̀gbin pé kí ni ẹ̀yin ń ṣe? Ó wá sí ibi ìnáwó, onílù kọjú sí i, akọrin ka oríkì rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ baba ńlá rẹ̀ tí ó fi àdá àti ọkọ́ lògbà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ọmọ náà ni ó gbé epo. Àwa tí a na ọwọ́ gbà á ńkọ́?

A kò gbàgbé pé iṣẹ́ wọ́n. Ọmọ tí ó gba ìwé ẹ̀rí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí ó wá ń gun zémidjan kí ó lè jẹun, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ìbéèrè tiwa ni èyí: ọmọ náà tí ó jí ní agogo 5, tí eruku àti èéfín bò, tí ó sì mú owó tí ó mọ́ wọlé ní alẹ́, ta ni ó yìn ín? Bí kò bá sí ẹni tí ó yìn ín, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ tí ń ṣe jìbìtì ń gba ìyìn láàárọ̀ àti lálẹ́, a ti kọ́ gbogbo ọmọ àdúgbò ní ẹ̀kọ́ kan, bí a kò tilẹ̀ là ẹnu.

5. OHUN RERE TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Ọ̀bẹ tí a fi ń gé iṣu ni ó ń gé ọwọ́. A kì í tìtorí rẹ̀ sọ ọ̀bẹ nù. Ní 2018, nígbà tí ìjọba fẹ́ gba 5 fáráńkì sẹ́fà lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi lo Facebook, WhatsApp àti irú wọn, orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti fi ohùn ṣọ̀kan pé agbára àwọn kò gbé e, láìju òkò, láìsun táyà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba fagi lé owó ọ̀hún. Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn, fóònù ni ọ̀pọ̀ arúgbó fi gbọ́ Mísà. Ọmọ wa tí ó wà ní Libreville tàbí ní Paris ń rí ojú ìyá rẹ̀ lálaalẹ́. Oore ni gbogbo èyí, a sì dúpẹ́ rẹ̀.

Ẹnì kan sì wà tí ó yẹ kí a fi wé Hushpuppi, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ni àwọn méjèèjì lò. Carlo Acutis jẹ́ ọmọ Ítálì tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1991. Ó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà bí ọ̀dọ́ yòókù. Ó fi í kó ìtàn àwọn iṣẹ́ ìyanu Yúkárístì Mímọ́ jọ sí ojú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé lè kà á. Ó kú ní 2006, ọmọ ọdún 15. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 2025, Póòpù Leo Kẹrìnlá kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Ẹ ka iye ọdún tí ó wà láàárín: 19. Kí ni Ìjọ ń ṣe nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Ó ń bi ẹlẹ́rìí léèrè. Ó ń bi ìyá, ó ń bi olùkọ́, ó ń bi ọ̀rẹ́; ó ń ka ohun tí ọmọ náà kọ, ó ń wádìí bóyá ohun kan wà tí ó ta ko ìyìn náà. Lẹ́yìn tí ó bèèrè tán ni ó tó yìn. Àtàǹpàkò kò gba ìṣẹ́jú kan. Ìyìn yìí gba ọdún 19. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀, ti Kristẹni àti ti ẹni tí kì í ṣe Kristẹni ni: bèèrè kí o tó yìn.

6. OHUN TÍ Ó KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Ẹ̀yin òbí, gbígba fóònù lọ́wọ́ ọmọ kò tó, nítorí yóò rí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ jókòó tì í. Ẹ jọ wo fíìmù náà, kí ẹ sì bi í léèrè ohun mẹ́ta: Ta ni a yìn nínú èyí? Kí ni ó ṣe? Ta ni ó san owó rẹ̀? Ọmọ tí ó bá mọ́ lára láti máa bèèrè bẹ́ẹ̀ nílé yóò máa bèèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá dá wà. Ẹ tún máa ki ọmọ yín. Ọmọ tí kò gbọ́ oríkì lẹ́nu ìyá rẹ̀, lẹ́nu àjèjì ni yóò ti wá a. Bí owó tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ bá sì wọlé, ẹ bèèrè kí ẹ tó jó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àtàǹpàkò yín kékeré, ṣùgbọ́n òun ni ó ń sọ ènìyàn di ńlá. Ẹ má fi í yin ẹni tí ẹ kò fẹ́ kí àbúrò yín dà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò lè sọ lójú ènìyàn, ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ẹ má sì jókòó máa wo ti ẹlòmíràn nìkan. Alágbẹ̀dẹ wà ní ìlú yín, aláṣọ òkè wà, ìyá tí ń fọ epo wà, olùkọ́ tí ó ti kọ́ ìran mẹ́ta wà. Ẹ gbé fóònù yín tọ̀ wọ́n lọ, ẹ bi wọ́n léèrè iṣẹ́ wọn, ẹ fi èdè Yorùbá sọ ọ́, kí ẹ sì gbé e síbi tí ayé yóò ti rí i. Ẹ̀yin ni Ẹ̀fẹ̀ ọjà tuntun yìí. Ẹ jẹ́ kí orin yín ní ẹlẹ́rìí.

Ó ku àwa ìjọ. Ọ̀rọ̀ yìí lè korò díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ jubilé ni ọjọ́ tí a ń sọ òtítọ́ fún ara wa. Ní ọjọ́ ìkórè, ta ni a ń fún ní àga iwájú? Orúkọ ta ni a ń pè nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́ẹ̀mẹta? Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó mú owó jù wá ni, láìbèèrè ibi tí owó ti wá, a jẹ́ pé àwo ọrẹ wa pẹ̀lú ti di àtàǹpàkò. Ọmọ tí ó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn ń wò wá, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́, ó sì ń kọ́ ọ nínú ilé Ọlọ́run.

Nítorí náà, a fi ìmọ̀ràn kan lélẹ̀ níwájú Àlùfáà wa àti ìgbìmọ̀ ìjọ. Ní ọjọ́ ìparí àjọ̀dún yìí, kí a pe àwọn kan jáde, kí a má sì dárúkọ iye owó kankan. Kí a pe ìyá tí ó ti ń gbá ilé ìjọsìn yìí láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì gbọ́njú. Kí a pe katikíìsì tí ó fi ẹsẹ̀ rìn dé àwọn abúlé kí ọ̀nà tó la. Kí a pe ọ̀dọ́ kan tí ń gun zémidjan, tí ó sì dá àpò tí èrò gbàgbé padà. Kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ wọn dìde jẹ́rìí, kí a kì wọ́n ní oríkì wọn lójú gbogbo ọmọ ìjọ. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá fi fóònù ya fídíò rẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Fídíò tí ó yẹ kí ó rìn jìnnà nìyẹn.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì ti di ọjà, àwọn ọmọ wa sì ti wà nínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wọ ọjà náà, kí a sì gbé orí ọmọ náà ró. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a kọ́ ilé ìjọsìn fún ọmọ tí a kò kọ́.